Ẹ̀yin oníṣòwò kéékèèké l'Ékìtì, ẹ wá sọ tiyín: kí lẹ yí padà kí òwò yín má baà ba àyíká jẹ́, kí ló sì ná yín?

Onígààrí Ìkọ̀lé:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, èmi náà ni n óò kọ́kọ́ sọ tèmi. Mo lọ sí ìpàdé kan l'Ádó, wọ́n ní ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè pé jọ sí àjọ UN, wọ́n fẹnu kò sí àfojúsùn 17 tí ayé gbọ́dọ̀ lé bá títí di 2030: ebi, ìṣẹ́, omi, iná, ojú ọjọ́, gbogbo ẹ̀. Mo ń gbọ́, mo ń tòògbé. Ìgbà tí wọ́n dórí ọ̀rọ̀ omi ìdọ̀tí ni ojú mi là, torí omi ẹ̀gẹ́ ti jẹ mí lówó rí.

Ẹ̀yìn ibi tí a ti ń fún gààrí ni a ń da èèpo sí. Òkìtì ẹ̀ ga ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, bí òjò bá sì rọ̀, òórùn ẹ̀ a bá èèyàn dórí bẹ́ẹ̀dì. Omi tó ń jáde lára àpò tí a fi jáàkì tẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ògiri ṣàn lọ sẹ́yìnkùlé aládùúgbò wa. Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ ẹ̀ méjì mu níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ikùn wọn ti wú, wọ́n ti nà gbalaja. Ó wọ́ òkú méjèèjì wá síwájú ilé mi. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn jókòó tì wọ́n. N ò lè jiyàn, gbogbo wa la mọ̀ pé oró wà nínú omi ẹ̀gẹ́ tútù. Mo san owó ewúrẹ́ méjì, ọ̀kan tún lóyún.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo gbẹ́ kòtò fún omi náà, ó jìnnà sí kànga. Ó wá ku èèpo. Mo ní n óò máa sá a tà fún àwọn tó ń sin ewúrẹ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ó dára, ọjọ́ méjì mẹ́ta ó ti gbẹ. Oṣù Keje wọlé, gbogbo ẹ̀ bu, mo kó o dànù. Obìnrin kan láti Ìbàdàn ló wá fi ọ̀nà kan hàn wá tí àwọn olùwádìí ILRI níbẹ̀, àjọ tó ń ṣèwádìí nípa ohun ọ̀sìn, gbé jáde: ẹ rin èèpo náà bí ẹ ṣe ń rin ẹ̀gẹ́, ẹ fún un, ẹ kù ú, kí ẹ tó wá sá a. Ẹ̀rọ tí mo ní tẹ́lẹ̀ náà ni. Tó bá rí oòrùn ọjọ́ kan, ó parí. Bíi tọ́ọ̀nù 3 tútù ló ń di tọ́ọ̀nù 1, ẹ má retí kó pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ń wá a délé. Aládùúgbò mi yẹn náà ń rà á, ó sì máa ń ná an bí ẹni pé mo ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Onígbàjámọ̀ Adó:
Màmá, ẹ kú ìnáwó ewúrẹ́. Tèmi, owó ló kú. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mo ń lò ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Fájuyì, títí di oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Epo tí kò tó ₦200 lítà kan fò kọjá ₦500. Owó orí tí mo ń gẹ̀ kò lè fò bẹ́ẹ̀. Mo kó èsúsú, mo fi ra sólà. Ẹni tó tà á fún mi búra pé bátìrì tuntun ni. Oṣù mẹ́rin, ó kú. Nígbà tí a họ ara ẹ̀, ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi kun àlòkù, pupa ṣì wà lábẹ́. N ò rí ọkùnrin náà mọ́.

Ẹ gbọ́ o: kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ ka wáàtì tó wà lára nǹkan tí ẹ fẹ́ máa tàn. Kílípà mi kò tó wáàtì 20. Tẹ́ ẹ bá fi fáànù kékeré àti gílóòbù méjì kún un, kò tó 100. Jẹnẹrétọ̀ tí mo ń fi epo bọ́ lójoojúmọ́ lè gbé ju ìlọ́po mẹ́fà ìyẹn lọ, òfò pọ́ńbélé! Pánẹ́ẹ̀lì kan àti bátìrì kékeré ló gbà mí. Ẹni tó bá fẹ́ AC kó lọ jókòó sí báńkì. Bátìrì tó kú yẹn ṣì wà lábẹ́ àga. Ẹnì kan fẹ́ rà á, ó ní òun máa kọ́kọ́ da omi inú ẹ̀ sí gọ́tà kó lè fúyẹ́. Mo ní kó máa lọ. Ásíìdì ni, òjé sì wà nínú ẹ̀, odò ni gọ́tà wa sì ń lọ.

Oníyán Ìkéré:
Ẹ má bínú sí mi. Mo gbìyànjú láti fi ọ̀rá sílẹ̀ padà sí ewé. Àwọn àgbà dúpẹ́, wọ́n ní ìgbà yìí gan-an ni mọ́ínmọ́ín ń rùn bíi mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ewé wọ́n, mo padà sí ọ̀rá. Ohun kan ṣoṣo tó dúró ni kúlà: ẹni tó bá mú kúlà tiẹ̀ wá fún ọbẹ̀, mo ń fi ẹran kékeré kan lé e fún un. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé kúlà wá lọ́jọ́ Sátidé!

Oníkòkó Ìjerò:
Tiwa ti di òfin. Lọ́dún 2023, àwọn ará Yúróòpù ṣe òfin pé kòkó tó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n gé igbó ẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2020 wá kò gbọdọ̀ wọ ọjà àwọn. Wọ́n ti sún ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, àmọ́ àwọn tó ń rà lọ́wọ́ wa ti ń bèèrè ibi tí oko wà. Mo bá gbé fóònù, mo ń ti oko dé oko láti fi gba ojú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀. Bàbá kan gbá mi lọ́wọ́ mú: “Ta lo ń wọn ilẹ̀ fún?” Mo ní òyìnbó fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé igbó ibẹ̀ ni. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní, “Bàbá ẹ ò tíì gbé ìyá ẹ níyàwó tí kòkó yìí ti ń so.” Síbẹ̀ kò jẹ́ kí n wọlé, àfìgbà tí mo pe ọmọ ẹ̀ l'Ékòó kó bá a sọ̀rọ̀. Oko tí kò bá ju hẹ́kítà 4 lọ, ojú ibì kan péré lẹ máa fi fóònù gbà sílẹ̀, kò dandan kí ẹ rìn ín yí ká. N ò tètè mọ̀, ejò lé mi lẹ́ẹ̀mejì lásán. Owó tó lé lórí iye tí wọ́n ń rà á tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Kò tíì dé.

Ọlọ́ṣẹ Ìdó:
Oníkòkó, èèpo kòkó yín ńkọ́?

Oníkòkó Ìjerò:
Ìdí igi la ń dà á sí. Wọ́n ní ibẹ̀ ni àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú ti ń gbèèràn, àmọ́ ta ló ráyè kó o?

Ọlọ́ṣẹ Ìdó:
Èmi ráyè. Eérú ẹ̀ ni mo fi ń ṣe ọṣẹ dúdú. Ẹ bá mi sá a sórí àpáta, tó bá pé àpò mẹ́wàá ẹ pè mí, n óò gbé ọkọ̀ wá. Èyí tó ti bu, ẹ má fi sí i. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí ọmọ bàbá yẹn tó wà l'Ékòó ti bá a sọ̀rọ̀ kí n tó dé, kó má baà rò pé oko ni mo wá rà.