Láàbù lọ́jọ́ Ajé, Jẹ́nẹ́sísì lọ́jọ́ Ìsinmi: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Onílàábù, Òkè-Fíà

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi fún bí ọdún mẹ́ta. Mo fẹ́ sọ ọ́, kí ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí lè sọ tirẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ níbí ní Òṣogbo. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ní Sọ́ńdè Sùkúù.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nílùú yìí kì í so àfẹ́sọ́nà pọ̀ mọ́ láìrí ìwé jẹ́nótáìpù wọn, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ tí kálukú jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni a máa ń fà. A ó fọ̀ ọ́, a ó fọ́ sẹ́ẹ̀lì pupa inú rẹ̀, a ó wá tọ́ ọ sórí bébà funfun kan tó tín-ín-rín, ká tó fi iná mànàmáná sí i. Pupa yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí bébà. Lẹ́tà ni a fi ń pe irú pupa kọ̀ọ̀kan: èyí tí à ń pè ní A ló máa ń lọ jìnnà jù, S á tẹ̀ lé e, C á wà lẹ́yìn wọn. Ìlà méjì ni ti ẹni tó bá jẹ́ AS, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn.

Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá. Èmi ni mo kọ́ ọmọ náà ní Sáàmù 23 nígbà tó wà ní kékeré. Mo gbé bébà méjèèjì sókè, ìlà méjì lára tọ̀hún, ìlà méjì lára tìhín. Ẹ̀mí mi bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà á jẹ́ SS, ìyẹn ni pé á ní àrùn síkúsẹ́ẹ̀lì (sickle cell). Wọ́n tú ká. Ọmọ yẹn kò kọrin fún oṣù mẹ́rin.

Òkìkí rẹ̀ kàn dé kíláàsì mi. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin kan tó wà ní SS3, kíláàsì tó kẹ́yìn ní sẹ́kọ́ńdìrì, tó fẹ́ ka ìmọ̀ ìṣègùn, nawọ́ sókè. Ó ní, "Àǹtí, ta ló dá S? Ṣé Ọlọ́run dá a mọ́ Ádámù ni?"

Mo mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn. Wọ́n kọ́ mi ní yunifásítì. Lẹ́nu kan ṣá, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ Ádámù ló fà á, mo sì ṣí ìwé sí ojú ewé tó kàn. Ọmọ náà wò mí. Kò sọ nǹkan kan, àmọ́ ó mọ̀ pé mo mọ̀. Oorun kò kun ojú mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìdáhùn náà nìyí. Ní 1949, Haldane, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dábàá pé ó ṣeé ṣe kí irú àrùn ẹ̀jẹ̀ báyìí máa gba àwọn tó gbé ìdajì rẹ̀ lọ́wọ́ ibà. Ní 1954, dókítà kan tó ń jẹ́ Anthony Allison fi hàn ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà pé bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí fún S. Ibà ẹ̀fọn tó ń pa ọmọ wẹ́wẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ ráyè ṣọṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ AS. Sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ibà bá wọ̀ á tẹ̀ bíi dòjé, ara á sì gbá a dànù. Ní ilẹ̀ ẹ̀fọn bíi tiwa, ọmọ AS ń yè ju ọmọ AA lọ, ó ń dàgbà, ó ń bímọ, S sì ń bá a lọ láti ìran dé ìran. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí a bá kó ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin jọ, ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ AS. Àwọn tí S méjì bá wá pàdé lára wọn, àwọn ló ń jẹ ìyà rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹfolúṣọ̀n ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn, ìyẹn bí ohun alààyè ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran. Ohun tí Darwin kọ ìwé lé lórí ní 1859 ni, inú ẹ̀jẹ̀ àwa Yorùbá ló sì wà. Ìjọ mi gba ìwé láàbù gbọ́ débi pé wọn ò so ènìyàn pọ̀ láìsí i. Báwo ni mo ṣe máa gba èso igi kan, kí n wá máa bú igi náà lórí àga Sọ́ńdè Sùkúù?

Mo mú Bíbélì àti bírò. Mo ka Jẹ́nẹ́sísì orí kìíní bí ẹni tí kò kà á rí. Ìmọ́lẹ̀ wà ní ọjọ́ kìíní. Oòrùn àti òṣùpá kò dé àfi ọjọ́ kẹrin. Alẹ́ àti òwúrọ̀ ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí oòrùn tó wà! Mo dúró síbẹ̀ pẹ́. Ẹni tó kọ ọ́ kì í ṣe òpè, òun náà mọ̀ pé oòrùn ló ń mú ojúmọ́ mọ́. Àwọn ará Bábílónì àti Íjíbítì tó yí àwọn Hébérù ká ń forí balẹ̀ fún oòrùn àti òṣùpá. Orí yìí kò tilẹ̀ pe orúkọ wọn, ìmọ́lẹ̀ ńlá méjì ló pè wọ́n, bí àtùpà tí baálé ilé gbé kọ́ sára ògiri. Ohun tí òǹkọ̀wé yẹn ń bá wọn jà lé lórí nìyẹn: ta ló ni ilé, ta ni ìránṣẹ́ nínú ilé. Lẹ́yìn náà ni mo dé ẹsẹ 24: "Kí ilẹ̀ kí ó mú ẹ̀dá alààyè jáde wá." Ilẹ̀ ni Ọlọ́run rán níṣẹ́. Iye ọdún tí ilẹ̀ yóò fi jẹ́ iṣẹ́ náà, kò sọ.

Ìyá àgbà mi ló wá sí mi lọ́kàn. Ọjà ọlọ́rọ̀ọ̀rún ni wọ́n ń ná. Bí ọjà bá bọ́ sí òní, èmi á kà á pé ó ku ọjọ́ mẹ́rin kó tún pé. Ìyá àgbà á ní ọrún ni, márùn-ún, torí wọ́n ń ka òní mọ́ ọn. Nígbà tí mo kéré, mo rò pé wọn ò mọ̀ ọ́n kà ni. Ọjà kan náà la jọ ń lọ, ọjọ́ kan náà la sì ń débẹ̀.

Mo lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún kíláàsì. Mo kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ yẹn. Kó tó di ọjọ́rú, àwọn alàgbà pè mí, wọ́n ní kí n fi kíkọ́ni sílẹ̀ ná. Oṣù méjì ni mo fi jókòó sẹ́yìn.

Ẹ sọ tiyín.

Awakànga, Òkè-Baálẹ̀

Àǹtí, ẹ kú ìfaradà. Bọ̀họ́ọ̀lù ni mo ń gbẹ́. Tí ẹ̀rọ bá wọlẹ̀ níbí, ilẹ̀ pupa la ó kọ́kọ́ rí, amọ̀ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà òkúta tó ti jẹrà tó rọ̀ lọ́wọ́ bí àkàrà àná. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀rọ á yí ohùn padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa mọ ohùn yẹn. Ògidì òkúta la kàn. Ẹ̀rún rẹ̀ á máa tú jáde, á máa dán wínníwínní nínú oòrùn.

Ìyá mi máa ń sọ fún wa pé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ọdún ni ayé. Mo dé kíláàsì jìọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta, olùkọ́ wa ní ìgbóná abẹ́ ilẹ̀ ti yọ́ òkúta ilẹ̀ Nàìjíríà, ó ti sọ ọ́ di irú mìíràn, ní nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Mo bínú. Mo ní kí ó fi aago rẹ̀ hàn wá. Ó fi hàn wá lóòótọ́. Inú òkúta ni aago náà wà: uranium, irin kan tó wà nínú òkúta, ń yí padà di òjé, díẹ̀díẹ̀, eré kan náà ló ń sá láti ọjọ́ yìí. Ẹni tó bá wọn èyí tó ti di òjé àti èyí tó ṣẹ́ kù á mọ ìgbà tí òkúta náà ti dì. Irú ọ̀nà yẹn ni Clair Patterson, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, fi rí i ní 1956 pé ayé ti tó bílíọ̀nù 4.55 ọdún.

Ohun tó tù mí nínú ni pé mo wá ẹgbẹ̀rún mẹ́fà yẹn kiri nínú Bíbélì, n kò rí i. James Ussher, bíṣọ́ọ̀bù kan ní Ireland, ló jókòó ní 1650 tó ro ọjọ́ orí àwọn baba ńlá pọ̀, tó ní ọdún 4004 ṣáájú Kristi ni a dá ayé. Ìṣirò ènìyàn ni. Nílé wa níbí ńkọ́? Ní Ihò Eléérú, nítòsí Àkúrẹ́, Thurstan Shaw, awalẹ̀pìtàn, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ hú egungun ènìyàn kan jáde ní 1965. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún 10 ọdún tí wọ́n ti sin ẹni yẹn. Èmi ṣì ń gbàdúrà kí n tó tan ẹ̀rọ o. Ẹni tó fi omi sábẹ́ òkúta láti ọjọ́ yẹn, òun ni mò ń bẹ̀.

Alhájà, Alékúwodò

Èmi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí ń da àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì láàmú bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà wà nínú Àlùkùránì náà. Àáfà wa ló fi hàn wá pé Súrà 32 sọ ti ọjọ́ kan tó tó ẹgbẹ̀rún ọdún, Súrà 70 sì sọ ti ọjọ́ kan tó tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 50 ọdún. Láti ìgbà yẹn ni ọkàn mi ti balẹ̀. Ẹ bá mi kí ọmọbìnrin akọrin yẹn.

Bàbá Tíṣà, Ìgbọ̀nà

Ọmọ mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mí pé wọ́n dá ọ jókòó, torí ẹni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé kì í ṣe ẹni tó fẹ́ ba ìjọ jẹ́. Àmọ́ n kò gbà pẹ̀lú rẹ. Ka Ẹ́kísódù 20, ẹsẹ 11. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ní ọjọ́ mẹ́fà ni òun fi dá ọ̀run àti ayé, ìdí nìyẹn tí a fi ń sinmi ní ìkeje. Bí ọjọ́ yẹn kò bá jẹ́ ọjọ́, kí ni ìsinmi wa?

Mo ní ọ̀rẹ́ kan nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́ tíṣà. Ọjọ́ mẹ́fà ni òun náà kọ́kọ́ jù sílẹ̀. Ó tún sọ pé Ádámù kò sí. Nígbà tó yá, ó ní àjíǹde náà jẹ́ àlọ́. Èmi ni mo jókòó tì í nígbà tó ń kú lọ, kò jẹ́ kí n gbàdúrà. Ohun tí ojú mi rí ló ń bà mí lẹ́rù, kì í ṣe pé mo kórìíra ìwé.

Kátíkísì, Òkè-Fíà

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan sí i. Georges Lemaître, tó sọ ní 1927 pé àgbáálá ayé ń fẹ̀ sí i, tó tún sọ ní 1931 pé láti ara ohun kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, fadá ni, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Nígbà tí Póòpù Pius Kejìlá sọ̀rọ̀ ní 1951 bí ẹni pé ìmọ̀ yẹn ti jẹ́rìí sí Jẹ́nẹ́sísì, inú fadá yìí kò dùn. Kò fẹ́ kí a fi ẹ̀rí sáyẹ́ǹsì ṣe òpó fún ìgbàgbọ́, torí sáyẹ́ǹsì lè yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà lọ́la. Ẹ̀kọ́ yẹn ni mo máa ń fún àwọn ọ̀dọ́ wa tó bá sáré wá sọ fún mi pé Bíbélì ti sọ ti Big Bang, orúkọ tí wọ́n ń pe ìbẹ̀rẹ̀ àgbáálá ayé yẹn, tẹ́lẹ̀.

Onílàábù, Òkè-Fíà

Ẹ ṣeun gan-an. Bàbá Tíṣà, mo kúnlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín wọ̀ mí lára, n kò ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Ọ̀gọ́sítínì, bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ Áfíríkà tó kú ní ọdún 430, gba àjíǹde gbọ́ tọkàntọkàn, síbẹ̀ ó kọ ọ́ pé àwọn ọjọ́ Jẹ́nẹ́sísì kò rí bí ọjọ́ tiwa. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan àti irínwó ọdún kí Darwin tó kọ̀wé, nítorí náà kì í ṣe ẹ̀rù sáyẹ́ǹsì ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Òun náà ló kìlọ̀ pé kí Kristẹni yéé sọ ìsọkúsọ nípa ilẹ̀ àti ìràwọ̀ níwájú ẹni tó mọ̀ ọ́n, torí onítọ̀hún kò ní gbà á gbọ́ mọ́ nígbà tó bá dé orí àjíǹde. Bàbá, ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ SS3 yẹn nìyẹn, ọ̀dọ̀ mi ni ì bá sì ti ṣẹlẹ̀. Mo rí i lójú rẹ̀.

Ti Ádámù ló wúwo jù lọ́wọ́ mi. Lédè Hébérù, ènìyàn ni ọ̀rọ̀ yẹn túmọ̀ sí, ó sì bá adámà tan, tí í ṣe ilẹ̀. Ènìyàn tí a fi ilẹ̀ mọ. Mo gbà pé ènìyàn ṣẹ̀, mo gbà pé a nílò Olùgbàlà, ojoojúmọ́ ni mo sì ń rí i lára ara mi. N kò tíì rí ìwé láàbù kan tó ta ko ìyẹn.

Ọmọkùnrin náà ti wà ní yunifásítì báyìí. Nígbà ìsinmi tó kọjá, ó wá sí láàbù, ó ní kí n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò, òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i. A jọ dúró ti ẹ̀rọ. Pupa náà rìn, ó pín. Ìlà méjì. Ó tẹ̀ mọ́ ọn, kò mí. Ó ní, "Àǹtí, màmá mi ní ibà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjì." Mo ní mo gbọ́. Ó ní kí n jẹ́ kí òun ya fọ́tò bébà náà, òun fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn.

Àwọn alàgbà ti ní kí n padà sídìí kíláàsì mi. Orí kejì Jẹ́nẹ́sísì la fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi yìí. Bàbá Tíṣà, bí ara bá gbà yín, ẹ wá jókòó tì wá, kí ẹ sọ tiyín fún àwọn ọmọ náà bí ẹ ṣe sọ ọ́ níbí. Aago mẹ́jọ àbọ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀.