Oorun mi kì í dé títí di ìdájí, wọ́n sì ń pè mí ní ọ̀lẹ: kí ni kí n sọ fún ìyá ọkọ mi?

Aránṣọ Abẹ́òkúta béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún méjì tí mo ti wọ ilé ọkọ, ìmọ̀ràn yín ni mo sì ń wá.

Láti kékeré ni oorun mi kì í ti í dé nígbà tí tàwọn ẹlòmíràn ń dé. Bí mo tilẹ̀ dùbúlẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́, tí mo pa iná, tí mo sì gbàdúrà, ojú mi yóò là sílẹ̀ kedere títí di aago mẹ́ta òru, nígbà míì títí di aago mẹ́rin ìdájí. Ṣùgbọ́n bí oorun náà bá ti lè gbé mi lọ, n ó sùn fọnfọn títí di nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, ara mi yóò sì le koko bí mo bá jí. Òru gan-an ni ọwọ́ mi máa ń yá jù nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Aṣọ ẹbí 24 tí wọ́n gbé fún mi lóṣù tó kọjá, òru ni mo fi rán gbogbo rẹ̀, owó rẹ̀ ni a sì fi san owó ilé-ìwé àbúrò ọkọ mi.

Ìyá ọkọ mi ń gbé pẹ̀lú wa. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni màmá máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀, abẹ́ fèrèsé yàrá wa ni wọ́n sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Mo ti mọ dídún ìgbálẹ̀ wọn: wọn á kọ́kọ́ gbá a lọ jẹ́jẹ́, wọn á wá fi ìdí rẹ̀ gbá ara ògiri lẹ́ẹ̀mẹta, wọn á sì dúró díẹ̀ bóyá n ó jáde wá kúnlẹ̀ kí wọn. Bí n kò bá jáde, wọn á sọ fún aládùúgbò, lóhùn tí mo lè gbọ́, pé ìyàwó tí ọmọ àwọn fẹ́ kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Mo ń fara da ìyẹn. Èyí tí n kò lè fara dà ni pé lóṣù yìí, obìnrin kan ládùúgbò sọ fún wọn pé obìnrin tí ojú rẹ̀ ń là lọ́gànjọ́ òru, ó níbi tó ń lọ. Màmá wá ní kí n bá àwọn lọ sórí òkè fún ìdáǹdè, kí n lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ọkọ mi mọ̀ pé ìdí ẹ̀rọ ni mo máa ń wà, síbẹ̀ ó ní kí n lọ kí ọ̀rọ̀ lè tán nílẹ̀.

Ṣé kí n lọ? Báwo ni mo sì ṣe lè bá màmá sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí àwáwí?

Nọ́ọ̀sì Ọlọ́mọ Mẹ́ta fèsì pé:

Ẹ pẹ̀lẹ́, aránṣọ. Ohun tí ẹ ṣàpèjúwe yìí jọ èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní delayed sleep phase, ìyẹn ni pé aago inú ara ẹni ń pẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Ọdún 1981 ni àwọn oníṣègùn kan ní New York kọ́kọ́ kọ ọ́ sínú ìwé bí àìlera tó dá dúró. Ó yàtọ̀ sí àìróorunsùn, nítorí ẹni tí kò róorun sùn kì í rí i sùn bí a tilẹ̀ fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń sun nǹkan bí wákàtí méje gbáko bí wọ́n bá ti lè jẹ́ kí ẹ sùn ún. Ní 2017, wọ́n rí i pé àyípadà kan nínú èròjà àjogúnbá tó ń jẹ́ CRY1 lè mú kí aago yìí falẹ̀, wọ́n sì bá a nínú àwọn ẹbí kan ní Tọ́kì. N kò sọ pé òun ló wà lára yín o, ṣùgbọ́n ẹ bi ìyá tó bí yín léèrè bóyá ẹnìkan nínú ìdílé yín ń sùn bẹ́ẹ̀.

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ máa kọ ìgbà tí ẹ sùn àti ìgbà tí ẹ jí sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ní ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n lè fi ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ àti oògùn tí a ń lò ní àkókò kan pàtó ràn yín lọ́wọ́ kí oorun náà lè máa tètè dé díẹ̀díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ti àwọn kan kì í yí padà. Ẹ má ṣe ra oògùn oorun fúnra yín.

Ohun kan wà tó máa ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo máa ń ṣe fún ọ̀sẹ̀ méjì lóṣù, bí mo bá sì dé ní àárọ̀ tí mo wọlé sùn, ìyá ọkọ mi fúnra wọn ni wọ́n máa ń lé àwọn ọmọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà, tí wọn á ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe gún nǹkan lódó. Oorun ọ̀sán kan náà ni èmi àti ẹ̀yin ń sùn. Aṣọ iṣẹ́ tí mo wọ̀ bọ̀ láti ilé ìwòsàn nìkan ló mú kí wọ́n máa bọ̀wọ̀ fún tèmi.

Bàbá Àgbà Ìjẹ̀bú fèsì pé:

Ọmọ mi, n kò ní pè ọ́ ní ọ̀lẹ, nítorí ọ̀lẹ kì í rán aṣọ 24. Ṣùgbọ́n kí ìyàwó kí ìyá ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nílé Yorùbá, ìyá yẹn kò sì rí nǹkan kan ju ilẹ̀kùn tó tì lọ. Ta ló ṣàlàyé fún un rí? Ọkọ rẹ ni ó yẹ kó kọ́kọ́ sọ ọ́, kó jókòó ti ìyá rẹ̀, kó sì sọ ohun tó mọ̀, dípò kó máa lé ọ lọ sórí òkè. Ìwọ náà, máa kúnlẹ̀ kí i lálẹ́ kó tó wọlé sùn, kí o sì fi omi gbígbóná tí yóò fi po ògì sínú fúláàsì kí oorun tó gbé ọ. N kò ní sọ pé kí o gbálẹ̀ lóru, èèwọ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí òru gbà pọ̀. Bí ó bá jí tó bá omi náà, ó ti rí ọ nìyẹn.

Ọmọ Ọlọ́dẹ fèsì pé:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ bàbá, àfi pé mo fẹ́ kó yé aránṣọ dáadáa pé bí ó bá lọ sórí òkè yẹn, ó ti gbà pé òun níbi tí òun ń lọ nìyẹn. Ẹ má lọ. Bí màmá bá fẹ́ àdúrà, ẹ gbà á pọ̀ nílé.

Òru ni bàbá mi fi ṣọ́ àdúgbò wa ní Òṣogbo títí wọ́n fi darúgbó. Bí wọ́n bá ń sùn lọ́sàn-án, àwa ọmọ kì í pariwo. Ní oṣù Ramadan, àwọn ajísàárì ń kọrin káàkiri àdúgbò láti jí wa, a sì ń fún wọn lówó; ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ń lọ lóru. Àwọn kan tó ń ṣèwádìí ní Tanzania so ẹ̀rọ mọ́ ọwọ́ àgbàlagbà 33 lára àwọn Hadza, tí wọ́n ń ṣọdẹ tí wọ́n sì ń wa iṣu inú igbó jẹ, fún 20 ọjọ́. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017, ìṣẹ́jú 18 péré ni gbogbo wọn fi jọ sùn lẹ́ẹ̀kan náà ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ojú ẹnìkan máa ń là nígbà gbogbo, èrò wọn sì ni pé ìyẹn lè wà lára ohun tó ń dáàbò bo ọmọ ènìyàn láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ìyá Ìbejì fèsì pé:

Mo sunkún nígbà tí mo ka èyí. Ọmọ mi ọkùnrin rí bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Wọ́n ń nà án nílé-ìwé nítorí ó ń tòògbé, èmi náà sì ń bu omi tútù dà á lórí lójoojúmọ́. Ẹ pe màmá wá sídìí ẹ̀rọ lóru ọjọ́ kan. Kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Aránṣọ Abẹ́òkúta tún kọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ọkọ mi bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó pẹ́ kó tó lè la ẹnu. Lóru ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago kan, màmá jáde fúnra wọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n bá mi di etí àǹkárá kan mú bí mo ṣe ń gbé e sábẹ́ abẹ́rẹ́, wọn kò sọ̀rọ̀ títí mo fi rán apá méjèèjì tán. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé bó ṣe máa ń rí lójoojúmọ́ nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní kí n tan iná mìíràn sí i kí ojú má baà dùn mí, wọ́n sì padà lọ sùn.

Wọn kò tíì sọ pé àwọn gbà mí gbọ́, obìnrin àdúgbò yẹn náà kò sì dákẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò dárúkọ òkè mọ́, wọ́n ń fi omi inú fúláàsì po ògì, láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn sì ni ìgbálẹ̀ wọn ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilé. Ìwé oorun mi ti pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè bẹ dókítà kí wọ́n fún mi ní àkókò ọ̀sán, nígbà tí ojú mi yóò ti là dáadáa?