Wárápá ni mo ní: ṣé ó yẹ kí n jẹ Oúnjẹ Olúwa?

Aránṣọ Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ọmọ ọdún 31 ni mí, aṣọ ni mo ń rán. Láti ọmọ ọdún 14 ni wárápá ti ń gbé mi. N kò jẹ́ kí ìjọ wa mọ̀, àfi ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún tó kọjá tó gbé mi ṣubú láàárín àwọn akọrin, tí orin ń lọ lọ́wọ́. Nígbà tí ojú mi là, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì ni mo wà. Itọ́ ti gbẹ sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́, bàtà mi kan ti fò lọ. Bẹ́ǹṣì mẹ́ta tó yí mi ká ti ṣófo. Ọmọdébìnrin kan, kò lè ju ọdún méje lọ, ló mú bàtà náà ń bọ̀, ìyá rẹ̀ sì fà á lọ́wọ́ padà kó tó dé ọ̀dọ̀ mi.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí n dá aṣọ akọrin padà. Èmi ni mo rán aṣọ yẹn o. Gbogbo rẹ̀, mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, òru ni mo fi rán wọn, n kò gba owó iṣẹ́. Mo fọ tèmi, mo lọ̀ ọ́, mo ká a sínú ọ̀rá, mo gbé e lọ. Ìka méjì ni arábìnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi fi gbé e.

Ife kan ṣoṣo la fi ń mu wáìnì ní ìjọ wa. Wọ́n pè mí sẹ́yìn pé kí n ṣì dúró ná títí Ọlọ́run yóò fi wò mí sàn, pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ láìyẹ, ẹ̀bi ló ń jẹ. Wòlíì kan wá ní kí n pa oògùn tì kí Ọlọ́run lè rí ìgbàgbọ́ mi. Mo pa á tì. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó gbé mi níbi tí mo ti ń lọṣọ, mo ṣubú lé áyọ́ọ̀nù eléèédú. Apá òsì mi bó láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Nígbà tí mo padà lọ bá wọn, wọ́n ní ìgbàgbọ́ mi ló kéré.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Bí mo bá bá àìsàn yìí dé sàréè, ṣé ti Ọlọ́run ṣì ni mí? Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí mo ti ń wo àwo búrẹ́dì tó ń kọjá lọ. Ó ń ṣe mí bíi pé mo dá ọ̀ràn kan tí n kò mọ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:

Àbúrò mi, ṣé o ti padà sídìí oògùn rẹ? Ìyẹn ló jẹ mí lógún jù. Ẹ má ṣe dá oògùn wárápá dúró lójijì. Gìrì lè máa tẹ̀lé gìrì láìsinmi, ó sì lè pa èèyàn. Pípa tí wọ́n ní kí o pa oògùn tì ló sọ ọ́ lu áyọ́ọ̀nù yẹn, kì í ṣe àìnígbàgbọ́ rẹ.

Wárápá kì í ràn. Kò sí nínú itọ́, kò sí nínú ife. Inú ọpọlọ ló ti ń ṣẹlẹ̀. Orí tó fọ́, ìnira nígbà ìbí, ibà tó wọ ọpọlọ ọmọdé, gbogbo rẹ̀ lè fà á. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó ní in, ó tó 70 tó lè máa gbé ayé wọn láìṣubú mọ́ bí wọ́n bá rí oògùn tó bá wọn mu, tí wọ́n sì ń lò ó déédéé.

Ẹ̀yin tó kù tó ń kà á: bó bá gbé ẹnìkan níwájú yín, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ fi aṣọ tẹ́ orí rẹ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ má fi ṣíbí há a lẹ́nu. Ẹ má rọ epo sí i lọ́fun. Bó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ilé ìwòsàn yá. Ẹ sì má ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọná, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti di irú egbò bẹ́ẹ̀ rí, ọmọ ọdún mọ́kànlá ni. Ó ń bẹ̀ mí pé òun ò ní ṣubú mọ́.

Ọmọ Ìkirè:

Ẹ má bínú sí mi o. Ọmọ inú Máàkù 9 ń ṣubú sínú iná àti sínú omi, ó ń yọ ìfófò lẹ́nu, Jésù sì bá ẹ̀mí wí. Ṣé a ó wá ní kò sí ẹ̀mí níbẹ̀ ni? Kí arábìnrin wa lo oògùn rẹ̀, n kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n kó wá ìdáǹdè pẹ̀lú.

Ìyá Ìjọ, Ìbàdàn:

Ọmọ Ìkirè, mo gbà pé ẹ̀mí wà. Ṣùgbọ́n Mátíù 4:24 ka àwọn ẹlẹ́mìí èṣù lọ́tọ̀, ó ka àwọn oníwárápá lọ́tọ̀. Nínú Máàkù 9 tí o mú wá náà, Jésù ò bá ọmọ tó ń ṣubú wí nítorí ìgbàgbọ́. Bàbá rẹ̀ ní, "Mo gbàgbọ́, ràn àìgbàgbọ́ mi lọ́wọ́." Jésù ò ní kó lọ wá èyí tó pé wá. Nígbà tí ọmọ náà sì sùn lọ bí òkú, tí àwọn èèyàn ń wí pé ó ti kú, ẹsẹ 27 ní Jésù dì í lọ́wọ́ mú, ó gbé e dìde. Ó fọwọ́ kàn án. Bẹ́ǹṣì mẹ́ta tó ṣófo yẹn ni mo rántí, ọmọ mi, mo sì sunkún.

Ní ti "láìyẹ," ẹsẹ 20 ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ 1 Kọ́ríńtì 11, má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti 27. Àwọn tó ní oúnjẹ ń sáré jẹ tiwọn, wọ́n ń mu àmupara, ebi ń pa àwọn yòókù. Pọ́ọ̀lù ní ẹ ń dójú ti àwọn tí kò ní. Àìyẹ tó ń bá wí nìyẹn. Wọn a tún fa ẹsẹ 30 yọ, pé ìyà ni àìsàn. Bó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, àwọn tó ń kẹ́gàn ẹlòmíràn nídìí tábìlì ló ń bá wí. Ta ló kẹ́gàn ta nínú ọ̀rọ̀ tìrẹ yìí?

Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹ̀gún kúrò lára òun. Ẹ̀gún ò kúrò. "Oore-ọ̀fẹ́ mi tó fún ọ" ni Olúwa sọ fún un, ẹ̀gún ṣì wà lára rẹ̀ nígbà náà. Ti Ọlọ́run ni ọ́, ọmọ mi, bó sàn, bí kò sàn.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé àwo búrẹ́dì. Mo ti gbé e fún olówó èlé, mo ti gbé e fún ọkùnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ó ń lu aya rẹ̀. Obìnrin kan wà tó ní wárápá bíi tìrẹ. Ó na ọwọ́, mo sì kọjá rẹ̀, nítorí wọ́n ní kí n kọjá. Ọwọ́ yẹn ò kúrò lójú mi. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni tiwa. Bí o bá lè dé Ìbàdàn, wá jókòó tì mí. Bí ife bá kan ọ́, èmi ni n ó mu tẹ̀lé ọ.

Aránṣọ Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ ṣé, Mà. Ẹ ṣé, Nọ́ọ̀sì, mo ti padà sídìí oògùn láti ìgbà tí apá mi ti jóná. Ọmọ Ìkirè, n kò bínú.

Mà, obìnrin yẹn, ṣé ẹ tún rí i?

Ìyá Ìjọ, Ìbàdàn:

Mo wá a dé ilé. Wọ́n ní ó ti kó lọ.

Aránṣọ Ògbómọ̀ṣọ́:

Ọkọ̀ àkọ́kọ́ ni n ó bá wá. Ẹ jọ̀ọ́ Mà, àárín bẹ́ǹṣì ni kí ẹ gba àyè sí fún mi, kì í ṣe ìpẹ̀kun.