Bàbá àgbà tó ti Bọ́má bọ̀: bí a ṣe ń ṣa ìtàn ayé wọn jọ

Ẹ̀yin ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó ja Ogun Hítílà ní Bọ́má, tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, nọ́ńbà sójà ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, kí ẹ tó wá orúkọ. Ti àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà sábà máa ń ní NA níwájú. Ẹ wò ó nínú ìwé tí wọ́n fi tú bàbá sílẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Orúkọ máa ń tan ènìyàn jẹ. Bó bá ṣe dún létí akọ̀wé ló ṣe ń kọ ọ́, ó sì wọ́pọ̀ kí wọ́n fi orúkọ ìlú sí ibi tó yẹ kí orúkọ bàbá wà. Ẹni tí ilé mọ̀ sí Àjàní ọmọ Adéoyè lè di "Ajani Ibadan" nínú ìwé. Ọjọ́ orí náà, ìfojúdá ni fún ọ̀pọ̀ wọn.

*

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n tó kọ ti nọ́ńbà sójà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti mẹ́dà kún un. Mẹ́dà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn bàbá wa lẹ́yìn ogun yẹn, wọn kì í kọ orúkọ sí i lára. Tó bá ti kúrò nínú àpótí bàbá, kò sí ohun tí a ó fi mọ̀ pé tiwọn ni mọ́. Ẹ so páálí kékeré mọ́ ọn, kí ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà wọn sí i.

Ìràwọ̀ Bọ́má (Burma Star), mẹ́dà àwọn tó jagun ní Bọ́má, ní igun mẹ́fà. Tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ tó fi rọ̀ jẹ́ búlúù tó dì bí aró, pupa fẹ̀ láàárín rẹ̀, ilà àwọ̀ ọsàn tín-ín-rín kan sì wà nínú búlúù ọ̀tún àti ti òsì. Tí ẹ bá tún rí mẹ́dà Ìràwọ̀ Áfíríkà (Africa Star), tí aṣọ tirẹ̀ jọ àwọ̀ yanrìn, ẹ bèèrè nípa Sòmálíà àti Etiópíà. Bírígéèdì Nàìjíríà ló wọ Mogadishu ní oṣù kejì 1941.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Brasso, ọṣẹ tí a fi ń mú irin dán, nu mẹ́dà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń họ ojú irin, títí ọnà ara rẹ̀ á fi parẹ́. Aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ ti tó.

*

Fọ́tò tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ẹ má ṣí i, yóò ya. Ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú gíláàsì náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, láìtan iná rẹ̀. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ìwé tó ya, ẹ má sì láminéètì rẹ̀. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ̀wé sí ẹ̀yìn fọ́tò, torí yíǹkì máa ń là kọjá sí ojú rẹ̀.

*

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń dùn mí nígbà tí a bá ń kọ ìwé ìsìnkú: "Bàbá ò jagun o, ẹrù ni wọ́n rù." Ẹ má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Dìfíṣọ̀n 81 (ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan) ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń lọ sí àfonífojì Kaladan ní Bọ́má ní ìparí 1943 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1944, àwọn fúnra wọn ló la ọ̀nà jíìpù gba inú òkè. Ibi tí ọ̀nà yẹn parí sí, ọkọ̀ òfuurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta ìbọn sílẹ̀ fún wọn, orí ènìyàn ló sì ń gbé e lọ síwájú. Ẹ wo báàjì èjìká. Aláǹtakùn ni ti 81. Ti Dìfíṣọ̀n 82, ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn nínú òṣùká ni. Òṣùká alárùú ni odindi dìfíṣọ̀n gbé sí èjìká! Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú pé sójà ni bàbá, ẹ sì kọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀.

Tí bàbá bá máa ń sọ Haúsá láìgbé òkè ọya rí, ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Haúsá ni sójà Nàìjíríà sábà ń bá ara wọn sọ nígbà náà. Tí wọ́n bá sì ń dárúkọ Dodan tàbí Letmauk, ẹ má yára rò pé bárékè Èkó tàbí ti Ìbàdàn ni wọ́n ń wí. Bọ́má ni orúkọ méjèèjì ti wá. Ìlú Myohaung ní Bọ́má, tí wọ́n gbà ní oṣù kìíní 1945, Mrauk-U ni ẹ ó rí lórí máàpù òde òní.

Ìyá àgbà àti àbúrò bàbá ni kí ẹ tètè lọ bá. Ẹ má bèèrè "ọdún wo?" lọ́wọ́ wọn. Ẹ bèèrè ọba tó wà lórí oyè nígbà tí bàbá lọ, àti ọmọ tí wọ́n bá nílé nígbà tí wọ́n dé.

*

Fún ìdílé tí tiwọn kò padà wálé: ẹ wá orúkọ wọn lórí ìkànnì Commonwealth War Graves Commission, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àti orúkọ àwọn sójà tó kú sógun. Àwọn tó kú láàárín 3 oṣù kẹsàn-án 1939 sí 31 oṣù kejìlá 1947 ló wà níbẹ̀, ẹni tó ti ogun dé tó sì dàgbà kò lè sí nínú rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà wá a. Tí kò bá sí nọ́ńbà, ẹ fi orúkọ wá a ní oríṣiríṣi ọ̀nà tí akọ̀wé lè gbà kọ ọ́, láìsí àmì ohùn, kí ẹ sì gbìyànjú orúkọ ìlú pẹ̀lú. Ẹni tí wọn ò mọ sàréè rẹ̀ ní Bọ́má, orúkọ rẹ̀ wà lára òpó Rangoon Memorial, ibi ìrántí àwọn sójà tó wà ní Taukkyan ní Bọ́má. Ẹ kọ nọ́ńbà òpó náà sílẹ̀, kí ẹni tó bá débẹ̀ lè bá yín ya fọ́tò rẹ̀.