Ta ló kọ́kọ́ lọ bí àmì "STOP" bá wà lápá méjèèjì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn díẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ni mò ń kọ́ ní ọkọ̀ wíwà níbí, l'Ádó-Èkìtì. Oríta kan wà lójú títì tó lọ sí Ìyìn, tí òpópónà kéékèèké méjì ti dojú kọ ara wọn. Àwo pupa onígun mẹ́jọ wà lápá méjèèjì. Pósítà olóṣèlú ti bo ìdajì tiwa.

A mọ̀ pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró pátápátá lẹ́yìn ìlà, kì í ṣe ká kàn rọra máa yí lọ, ká sì jẹ́ kí ọkọ̀ ojú títì ńlá kọjá ná. Mo bi onítakisí kan, ó ní ẹni tó bá kọ́kọ́ fọn fèrè ló ni ọ̀nà. Ẹ gbọ́ ná! Ọ̀rẹ́ mi ní ẹni tó kọ́kọ́ dé ni, ṣùgbọ́n bí a bá jọ dé ńkọ́?

Ìbéèrè mi rèé: bí àbúrò mi bá fẹ́ yà sósì, tí ẹni òdìkejì ń lọ tààrà, tí títì sì dá, ta ló yẹ kó ṣáájú?

Ẹ ṣeun púpọ̀ ṣáájú.