Màmá mi fẹ́ rí aṣálẹ̀ Saguaro ní Tucson: ìhà wo ni ká lọ?

Àdùkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá mi wà lọ́dọ̀ mi ní Phoenix, ní Arizona l'Amẹ́ríkà níbí, títí di ìparí oṣù kejì. Wọ́n rí àwòrán àwọn ọrọ́ gàgàrà tó lápá yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní saguaro, wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i. Mo wá rí i pé ọ̀nà méjì ni Saguaro National Park, ọgbà ìjọba tí wọ́n wà, pín sí, Tucson wà láàárín. Orúnkún ń dun Màmá, ọjọ́ kan péré la sì ní. Èwo ni ká lọ? Ṣé nǹkan míì wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀gún?

Bàbá Ìbejì: Ẹ kú àlejò Màmá o. Tucson ni mò ń gbé. Ìhà ìwọ̀-oòrùn ni mo máa ń mú àlejò lọ. Ẹ kọ́kọ́ yà sí ilé ìgbàlejò wọn, kẹ́ ẹ pọn omi kún ike yín, torí kò sí omi mọ́ lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ gba Desert Discovery Nature Trail. Kò tó kìlómítà kan, ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, kẹ̀kẹ́ arọ pàápàá ń gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ fara balẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo ìdí igi palo verde dáadáa, ẹ lè rí ọmọ saguaro tó sá sábẹ́ òjìji rẹ̀. Igi yẹn ló ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn àti òtútù. Ó lè pé ọmọ ọdún mẹ́jọ kó má tíì ga ju íǹṣì kan ààbọ̀ lọ. Ó sábà máa ń tó ọdún 50 sí 75 kó tó yọ apá. Èyí tẹ́ ẹ bá rí pẹ̀lú apá márùn-ún, ó ṣeé ṣe kó ju Màmá lọ lọ́jọ́ orí. Nígbà tí mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá tèmi, wọ́n wò ó láti ìsàlẹ̀ dókè, wọ́n ní, "Ẹ kú ọjọ́ pípẹ́ o, àgbà." Àwọn ihò ara rẹ̀, ẹyẹ akókó ló gbẹ́ ẹ. Bí akókó bá kó jáde, òwìwí kékeré kan tí kò ju ológoṣẹ́ lọ lè kó wọlé.

Ẹ má fo Signal Hill o. Àwọn Hohokam, àwọn tó gbé ilẹ̀ yìí láyé àtijọ́, ló gbẹ́ àwòrán sára àpáta níbẹ̀, ó ti lé ní ọdún 500: ẹranko, èèyàn, ìlà tó ń lọ́ yípo. Wọ́n ṣá èèpo dúdú ara àpáta kúrò ni, àwọ̀ abẹ́ rẹ̀ sì yọ. Ẹ má fọwọ́ kàn án rárá, òróró ọwọ́ ń bà á jẹ́. Àtẹ̀gùn wà díẹ̀, ọ̀nà ọkọ̀ ibẹ̀ sì jẹ́ erùpẹ̀.

Ìyá Tọ́mì: Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, ìhà ìlà-oòrùn ló bá orúnkún wọn mu. Ọ̀dà ni wọ́n da sí Cactus Forest Loop Drive látòkè délẹ̀, máìlì mẹ́jọ. Inú ọkọ̀ ni wọ́n á ti rí gbogbo ẹ̀. Ibẹ̀ nìjọba kọ́kọ́ dáàbò bò ní 1933. 1961 ni ti ìwọ̀-oòrùn tó kún un. Àdùkẹ́, mú ìyàrun dání. Bí ẹ̀gún cholla, irú ọrọ́ míì tó wà níbẹ̀, bá kọ́ yín, òun lẹ máa fi yọ ọ́, ẹ má fọwọ́ fà á.

Bàbá Ìbejì: Òótọ́ lẹ sọ nípa ọ̀nà, Ìyá Tọ́mì. Àmọ́ mi ò fẹ́ kí Màmá rò pé igi nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn Tohono O'odham, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ṣì ń ká èso saguaro lóṣù kẹfà títí dòní, ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi egungun saguaro tó ti kú ṣe ni wọ́n fi ń já a. Wọ́n ń sè é di omi dídùn, wọ́n tún ń fi ṣe ọtí tí wọ́n fi ń pe òjò. Èyí ni kẹ́ ẹ sọ fún wọn bẹ́ ẹ bá ń rìn lọ. Dọ́là 25 lẹ máa san fún ọkọ̀, ọjọ́ méje ló wà fún, ìhà méjèèjì ló sì kárí.

Àdùkẹ́: Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ìwọ̀-oòrùn la ó fàárọ̀ lọ. Èmi á gun Signal Hill, mo máa ya àwòrán wá fún wọn. Bó bá ku agbára lọ́sàn-án, a ó yà sí ọ̀nà ọlọ́dà yẹn.

Bàbá Ìbejì: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ tètè kúrò nílé, Phoenix sí Tucson ń lọ bíi wákàtí méjì.