Ìbọn, Ẹ̀sùn àti Ìwé Ìgbélùú ní Amẹ́ríkà

Ìbéèrè láti Dallas:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Fisa akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi ń gbé níbí. Àwọn tí a jọ wà ní yunifásítì fẹ́ kí á lọ sí pápá ìyìnbọn ní òpin ọ̀sẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń háyà ìbọn fún ènìyàn. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn ni. Ṣé kò sí ewu níbẹ̀?

Ìdáhùn láti Houston:
Àbúrò mi, jọ̀wọ́ má lọ. Òótọ́ ni pé Àtúnṣe Kejì sí Ìwé Òfin Amẹ́ríkà ti wà láti ọdún 1791, àti pé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ní ọdún 2008 pé ẹ̀tọ́ olúkúlùkù ni láti ní ìbọn nílé fún ààbò ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìjọba àpapọ̀ yọ àwọn kan sílẹ̀: ẹni tí kò ní ìwé ìgbélùú, àti ẹni tí ó wọlé pẹ̀lú fisa onígbà díẹ̀ bíi tìrẹ, àfi bí àyè kan bá yọ ọ́, irú èyí tí ó wà fún ẹni tí ó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tí kò tíì kọjá àkókò. Kò dìgbà tí o bá ra ìbọn. Bí o bá gbé e dání ní pápá náà, ó ti tó láti fi ẹ̀sùn kàn ọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ sì lè tó ọdún 15.

Irú rẹ̀ ló ṣẹlẹ̀ sí Rehaif, ẹni tí ó wá láti United Arab Emirates láti kàwé ní Florida. Ilé ẹ̀kọ́ yọ ọ́, ó pàdánù ipò akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó sì lọ yìnbọn ní pápá. Ní ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé ìjọba gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ ipò tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà. Ìwọ mọ irú fisa tí ó wà lọ́wọ́ rẹ, nítorí náà ìdájọ́ yẹn kò lè gbà ọ́.

Ìbéèrè láti Maryland:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọlọ́pàá mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn tí òun àti ìyàwó rẹ̀ jà. Ó ní green card, ó sì ní ìbọn kan nílé tí ìwé rẹ̀ pé. Agbẹjọ́rò ìjọba ní kí ó gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn kékeré kan kí ọ̀rọ̀ náà lè tán, ó sì fẹ́ buwọ́ lù ú.

Ìdáhùn láti Houston:
Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ sọ fún un kí ó má tíì buwọ́ lu ohunkóhun. Aláìṣẹ̀ ni òfin ka ẹni tí a fẹ̀sùn kàn sí títí ìjọba yóò fi fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀. Bí ó bá fẹnu ara rẹ̀ gba ẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ ìjà lọ́kọláya, ẹ̀sùn tí wọ́n pè ní kékeré yẹn lè gba ẹ̀tọ́ ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè mú kí wọ́n dá a padà sí orílẹ̀-èdè tí ó ti wá láìka green card sí. Ní ti ìbọn tí ó wà nílé, kí ó béèrè lọ́wọ́ agbẹjọ́rò rẹ̀ lónìí, nítorí adájọ́ tí ó gba onídùúró rẹ̀ lè pàṣẹ pé kí ó kó o sílẹ̀, àti pé bí ilé ẹjọ́ bá ti fún un láyè láti sọ tẹnu rẹ̀ tí wọ́n sì fún ìyàwó ní àṣẹ ààbò nítorí pé ewu ni ọkọ jẹ́ fún un, kò gbọdọ̀ sí ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Mẹ́jọ nínú adájọ́ mẹ́sàn-án Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fi ọwọ́ sí òfin yẹn nínú ẹjọ́ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Rahimi ní ọdún 2024.

Padilla, ọmọ Honduras, ti gbé Amẹ́ríkà ju 40 ọdún lọ, ó sì ti jagun fún wọn ní Vietnam. Agbẹjọ́rò rẹ̀ ní kí ó má fòyà, ó gbà pé òun jẹ̀bi ẹ̀sùn oògùn olóró, ni ọ̀rọ̀ ìdápadà bá dé. Ní ọdún 2010 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ sọ ọ́ di dandan pé kí agbẹjọ́rò ṣàlàyé ewu yìí fún oníbàárà rẹ̀ kí ó tó gbà pé òun jẹ̀bi. Ẹ̀tọ́ ọmọ yín ni.

Wọ́n tọ́ wa pé kí á máa ṣàlàyé ara wa fún àgbà, a sì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọlọ́pàá pẹ̀lú. Ẹyin lohùn. Kí ó sọ ọ́ ketekete pé òun ń lo ẹ̀tọ́ òun láti dákẹ́, òun sì fẹ́ agbẹjọ́rò. Ní ọdún 2010 kan náà, ilé ẹjọ́ gbà kí wọ́n lo ọ̀rọ̀ ẹni tí ó kàn dákẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, tí ó wá dáhùn ìbéèrè kan. Bí kò bá lówó, ìjọba gbọ́dọ̀ fún un ní agbẹjọ́rò lórí ẹ̀sùn tí ó lè gbé e dé ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ní ilé ẹjọ́ ìwọ̀lú, ìjọba kì í sanwó agbẹjọ́rò fún ènìyàn, nítorí náà kí ó wá ẹni tí ó mọ òfin ìwọ̀lú báyìí, kí àwọn agbẹjọ́rò méjèèjì sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ tó pé.